Ọkọ mi ní òkú mọ́tò ni Pontiac: ṣé kí n gbà á?

Ìbéèrè

Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí l'Óṣogbo. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Houston fẹ́ fi mọ́tò tó ń lò ránṣẹ́ sí mi, Pontiac Vibe ọdún 2006. Ọkọ mi ò gbà. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kógbá sílé tipẹ́, wọ́n ní mọ́tò Amẹ́ríkà kì í ṣe fún ẹni tó ń retí owó oṣù, àti pé ọjọ́ tí páàtì kan bá bàjẹ́ lára rẹ̀, a ó wá a títí ẹsẹ̀ á fi wú. Níbi iṣẹ́, àwọn tí mo sọ fún ò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ náà rí. Ṣé lóòótọ́ ni Pontiac ti kú? Irú mọ́tò wo ló jẹ́ nígbà ayé rẹ̀? Ṣé kí n gbà á, àbí kí n ní kí àbúrò mi tà á, kó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́?

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire. Bàbá Ìbejì ò purọ́: Pontiac ti kú, ó sì ti lé ní ọdún 15. Ṣùgbọ́n ẹ gba mọ́tò náà. Pontiac kàn fún Vibe lórúkọ ni, Toyota ló bí i. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n dárúkọ tòkunbọ̀ mẹ́ta tí tíṣà lè gùn láìjẹ gbèsè, Vibe tí wọ́n tọ́jú dáadáa á wà lára wọn.

Ẹ̀rù tó ń ba Bàbá Ìbejì nídìí ṣá o. Orúkọ yẹn rí ayé, ó sì jẹ̀yà.

Pontiac kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó dá dúró. Ọ̀kan ni lára àwọn orúkọ tí General Motors, GM tí gbogbo wa mọ̀, fi ń ta mọ́tò, bíi Chevrolet àti Cadillac. Ìlú Pontiac ní ìpínlẹ̀ Michigan ló fún un lórúkọ. Ìlú náà sì ń jẹ́ orúkọ olóyè ogun kan láàárín àwọn Odawa, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí Òyìnbó tó dé. Ọkùnrin yìí gbógun ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1763, ó sàga ti odi wọn ní Detroit fún oṣù mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí orí olóyè náà fi máa ń wà níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì Pontiac láyé àtijọ́, kó tó di orí ọfà pupa tí ẹ máa rí níwájú Vibe yẹn.

Ọdún 1926 ni Pontiac àkọ́kọ́ jáde. Nígbà náà, àbúrò ló jẹ́ fún Oakland, mọ́tò GM mìíràn tí wọ́n ń ṣe nílùú kan náà. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà ni wọ́n fi sí i, wọ́n sì ń tà á ní iye tó sún mọ́ ti onísílíńdà mẹ́rin. Ọjà tà. Àbúrò gba ìjókòó mọ́ ẹ̀gbọ́n nídìí. Nígbà tó fi máa di 1932, kò sí ẹni tó ń ṣe Oakland mọ́.

Kì í ṣe mọ́tò eré sísá láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún bí ọgbọ̀n ọdún, mọ́tò àwọn àgbà ni, ti ẹni tó ń rọra wà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1956 ni GM fi Semon Knudsen ṣe olórí ibẹ̀. Ó yọ ọ̀ṣọ́ àtijọ́ kúrò lára mọ́tò, ó kó àwọn ẹnjinníà tójú wọn là jọ, John DeLorean sì wà lára wọn. Ní 1959, wọ́n ti táyà ọ̀tún àti ti òsì síta sí i kí mọ́tò lè di ilẹ̀ mú, àwọn ọ̀dọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà wò ó.

Ibi tó wá dùn mọ́ mi jù nìyí. GM ní òfin kan pé mọ́tò tó wà ní ìwọ̀n-ìwọ̀nba kò gbọdọ̀ gbé ẹ́ńjìnnì tó ju nǹkan bíi lítà 5.4 lọ. Àwọn ará Pontiac wo òfin náà sọ́tùn-ún, wọ́n wò ó sósì, wọ́n rí i pé kò sọ nǹkan kan nípa àfikún tí oníbàárà bá fẹnu ara rẹ̀ béèrè. Ni wọ́n bá mú ẹ́ńjìnnì lítà 6.4 onísílíńdà mẹ́jọ tó jẹ́ ti mọ́tò ńlá, wọ́n fi há inú Tempest, mọ́tò Pontiac tó wà ní ìwọ̀n-ìwọ̀nba, wọ́n sì pe àfikún náà ní GTO. Èyí ṣẹlẹ̀ fún ọdún 1964. Wọ́n rò pé 5,000 ni wọn á rí tà. Ohun tí wọ́n tà lọ́dún náà lé ní 32,000. Kò sí ọ̀gá tó lè bá ọmọ iṣẹ́ tó mú irú owó bẹ́ẹ̀ wálé jà. Àwọn ilé iṣẹ́ yòókù ní Amẹ́ríkà kó sí wọn lẹ́yìn, kálukú ń ki ẹ́ńjìnnì ràbàtà bọ mọ́tò kékeré. Láàárín àwọn ọdún yẹn, Chevrolet àti Ford nìkan ló ń ta mọ́tò ju Pontiac lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Firebird tẹ̀ lé e ní 1967. Mọ́tò dúdú tó ń sọ̀rọ̀ nínú eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ìgbà 1980 sókè, èyí tí ọ̀pọ̀ wa wò nínú fídíò, Firebird ni.

Epo rọ̀bì wọ́n gógó ní 1973. Ìjọba Amẹ́ríkà náà ń le sí i nípa èéfín. Ẹ́ńjìnnì ńlá di ẹrù. GM fẹ́ dín ìnáwó kù, ló bá di pé wọ́n ń mú mọ́tò Chevrolet, wọ́n ń pààrọ̀ gíríìlì iwájú rẹ̀, wọ́n ń pè é ní Pontiac. Àwọn oníbàárà ò fọ́jú. Nígbà tí wọ́n tún gbìyànjú láti ṣe nǹkan tuntun, ó wọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Fiero, mọ́tò ẹlẹ́ni méjì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn ìjókòó, jáde fún ọdún 1984. Kò pẹ́ táwọn kan lára wọn ń gbiná lójú ọ̀nà, tí wọ́n fi ń pè wọ́n padà fún àtúnṣe. Ní 1988 tí wọ́n tún un ṣe tó dára gan-an, ọdún náà gan-an ni wọ́n pa á tì. Aztek dé fún ọdún 2001. Ẹ ní kí àbúrò yín fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp; n kò fẹ́ bú mọ́tò olówó.

Ìgbà tí ọrọ̀ ajé dojú rú, GM wọ gbèsè débi pé owó ìjọba ni wọ́n ń jẹ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2009 wọ́n kéde pé àwọn máa fòpin sí Pontiac. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, GM fúnra rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ pé òun ò lè san gbèsè mọ́. Chevrolet, Cadillac, Buick àti GMC ni wọ́n dá sí. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2010 ni àdéhùn àwọn tó ń ta Pontiac parí. Ẹ wò ó, GM tó bí Pontiac ṣì wà láyé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí mo ṣì ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ó wá ku Vibe. GM ní ilé iṣẹ́ kan nílùú Fremont, ní California, tí òkìkí rẹ̀ burú. Àwọn òṣìṣẹ́ ń mutí lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ò wá rárá, ìjà àwọn ọ̀gá àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ò tán. GM tì í pa ní 1982. Toyota ń wá ibi tí òun á ti máa ṣe mọ́tò ní Amẹ́ríkà, GM náà fẹ́ mọ ọgbọ́n tí Toyota ń dá, ni wọ́n bá jọ ṣí i padà ní 1984, wọ́n pè é ní NUMMI. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ní wọn ò dára yẹn ni wọ́n gbà padà jù, wọ́n kó àwọn kan lọ kọ́ṣẹ́ ní Japan. Láìpẹ́, mọ́tò tó ń ti Fremont jáde dára bíi ti Japan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Vibe láti 2002 títí di 2009, lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú Corolla. Toyota Matrix tí ẹ̀ ń rí káàkiri ìgboro jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ tí wọ́n tọ́ ní Canada. Kódà, wọ́n kó Vibe lọ tà ní Japan, wọ́n lẹ orúkọ Toyota Voltz mọ́ ọn. Toyota tí ń fi orúkọ ara rẹ̀ ta mọ́tò Pontiac fún àwọn ará Japan!

Ní ti páàtì, oníbàárà mi kan gbé Vibe wá rí, kọ́ìlì plọ́ọ̀gì kan ti kú. Ó ti yí Ládípọ̀ po láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ń béèrè kọ́ìlì Pontiac, gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó yà sí ni wọ́n ti ń mirí. Mo ní kó padà lọ, kó ní Corolla 2005 lòun ń wá a fún. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tó fi pè mí pé mẹ́ta ni wọ́n kó kalẹ̀ fóun, Bẹ́líjọ́ọ̀mù méjì, tuntun kan. Ẹ́ńjìnnì, jíà, bíréèkì àti irin ẹsẹ̀, ti Corolla àti Matrix ìgbà náà ni. Ẹ má dárúkọ Pontiac lójú ẹni tó ń ta páàtì.

Ara ìta ló lè dà yín láàmú. Iná iwájú, iná ẹ̀yìn, bọ́ńpà, gíríìlì àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ti Vibe nìkan ni, ti Matrix kò wọ̀ ọ́. Bí ọlọ́kadà bá fọ́ iná iwájú yín, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì á ṣẹ.

Ẹ bi àbúrò yín bóyá GT ló kọ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí Toyota àti Yamaha jọ ṣe ló wà nínú GT, jíà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí a ń fọwọ́ yí ni, epo olówó gọbọi ló sì fẹ́. Ọmọ ọdún 22 ló yẹ ẹ́. Èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà náà wà, irin tó pọ̀ sí i ni ẹ máa tọ́jú lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí yìnyín l'Óṣogbo. Èyí tí kò ní GT, tí táyà iwájú nìkan ń fà, lẹ ń wá. Tíméèn rẹ̀ jẹ́ ṣéènì, kì í ṣe bẹ́líìtì tí a óò máa pààrọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ́ńjìnnì yẹn, pàápàá ti àwọn ọdún àkọ́kọ́, lè máa mu ọ́ìlì bí wọ́n bá dàgbà, torí náà kí ẹ máa fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ wò láràárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Houston ni mọ́tò yìí wà, ìkún omi Harvey sì bo ọ̀pọ̀ mọ́tò níbẹ̀ ní 2017. Ẹ bi àbúrò yín léèrè ibi tí mọ́tò náà wà lọ́dún náà.

Ohun tí n kò fẹ́ kí ẹ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ni airbag, àpò tó máa ń wú lójijì bí mọ́tò bá kọlu nǹkan. Takata ti Japan ló ṣe èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ Vibe. Kẹ́míkà tó ń jẹ́ kó wú, ammonium nitrate, máa ń bàjẹ́ bí ooru àti ọ̀rinrin bá bá a fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí mọ́tò bá wá kọlu nǹkan, agolo irin tó wà nínú rẹ̀ lè bú gbàmù, kó fọ́n irin sí ẹni tó jókòó níwájú lọ́rùn àti lójú. Ó ti pa èèyàn. Ẹ sì mọ irú ooru tó ń mú wa níbí. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, brain box tí à ń pè é, náà ní ìpè padà tirẹ̀ fún mọ́tò 2005 sí 2008, nítorí ó lè mú kí mọ́tò kú lójú ọ̀nà.

Kí àbúrò yín wo nọ́ńbà VIN mọ́tò náà. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, 5Y2 ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ti Vibe. Kó tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò mọ́tò ní Amẹ́ríkà. Bí àtúnṣe kankan bá ṣì kù, kó gbé e lọ bá àwọn tó ń ta Chevrolet tàbí Buick. Orúkọ GM ni Chevrolet àti Buick náà, àwọn tó ń tà wọ́n ṣì ń ṣe ti Pontiac, wọn ò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kó ṣe é kí mọ́tò tó wọ ọkọ̀ ojú omi, kó sì fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sínú mọ́tò.

Tí ẹlòmíràn bá wá fi Grand Am tàbí Montana ayé ìgbà yẹn lọ̀ yín, ẹ dúpẹ́, kí ẹ kọ̀. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà ti GM ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń jò, omi á bọ́ sínú ọ́ìlì. Ti àwọn yẹn, Bàbá Ìbejì ni mo wà lẹ́yìn wọn.

Bí àbúrò yín bá ti ń palẹ̀ mọ́tò mọ́, ẹ ní kó wá iná iwájú méjì, iná ẹ̀yìn méjì àti gíríìlì Vibe kan ní ibi tí wọ́n ti ń tú mọ́tò, kó fi aṣọ wé wọn, kó kó wọn sí bùútù. Ìjókòó ẹ̀yìn ṣeé tẹ́ pẹrẹsẹ, bọ́ńpà náà lè gba ibẹ̀ bó bá dà á dùbúlẹ̀.