Ṣé lóòótọ́ ni pé kajú àti mílíìkì máa ń pa èèyàn?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Kajú ti pọ́n káàkiri Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, báàkẹ́ẹ̀tì báàkẹ́ẹ̀tì ni bàbá ìbejì ń gbé e bọ̀ láti oko, àwọn ọmọ ò wá fẹ́ jẹ oúnjẹ mọ́, kajú láàárọ̀, kajú lálẹ́. Lánàá ni ọ̀kan nínú wọn mu tíì onímílíìkì lẹ́yìn tó jẹ kajú méjì, ni ìyá ọkọ mi bá figbe ta pé mo fẹ́ pa ọmọ, wọ́n bá da epo pupa sí i lẹ́nu. Ọmọ ò ṣe nǹkan kan o, ó ń ṣeré ẹ̀ lọ. Ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn? Kí ló tiẹ̀ wà nínú kajú gan-an, àbí omi lásán ni? (Ìyá Ìbejì, Tákíé)

ÈSÌ: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ o. Ẹ bá mi kí màmá dáadáa, ìfẹ́ ọmọ ló ń dà wọ́n láàmú, gbogbo wa la sì dàgbà bá ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi náà ní kékeré, tí mo bá ti jẹ kajú, n ò ní sún mọ́ agolo mílíìkì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àmọ́ irọ́ ni jàre. Kajú ní ásíìdì, ó tún ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní tannin, òun ló ń jẹ́ kó máa há èèyàn lọ́fun, tí wọ́n bá wá pàdé mílíìkì nínú ife, mílíìkì á dì, á ṣe wóró wóró, ohun tó ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù nìyẹn. Ṣùgbọ́n mílíìkì tẹ́ ẹ mu láìjẹ kajú rárá náà ń dì nínú ikùn, torí ásíìdì inú ikùn le ju ti kajú lọ. Inú lè run ọmọ díẹ̀ o, pàápàá tó bá ti kó mẹ́fà méje jẹ, àmọ́ májèlé kọ́. Epo pupa yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n da epo sí ọmọ lẹ́nu tipátipá mọ́, ó lè ṣì ọ̀nà wọ ẹ̀dọ̀fóró, wàhálà nìyẹn.

Omi lásán kọ́ o. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bá ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Àjílété, jà díẹ̀. Téèyàn bá dé oko lóṣù kẹta, wọ́n á ti yí kóró kúrò lábẹ́ ẹ̀ sínú àpò torí òun làwọn oníṣòwò ń rà, èso fúnra ẹ̀ á wá wà nílẹ̀ lọ bẹẹrẹ, pupa àti yẹ́lò, eṣinṣin ń jẹ ẹ́. Gíráàmù 100 èso yẹn máa ń ní bíi mìlígíráàmù 200 fítámì C, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀, ti ọsàn ò ju bíi 50 lọ. Iye tí wọ́n ní kí àgbàlagbà máa jẹ lójúmọ́, 75 ni fún obìnrin, 90 fún ọkùnrin, kajú kan tó sanra ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ká a. Fítámì yìí ló ń jẹ́ kí egbò tètè jiná kí èrìgì má sì máa ṣẹ̀jẹ̀, iná sì ń pa á, torí náà tútù ni kẹ́ ẹ jẹ ẹ́, lọ́jọ́ tí wọ́n ká a gan-an, torí tó bá fi máa di ọjọ́ kejì ó ti ń kan. Tó bá ń há wọn lọ́fun, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣàn án. Ní Goa ní Íńdíà, wọ́n ń pọn ọtí tó ń jẹ́ feni látinú omi ẹ̀, Bràsíìlì tó jẹ́ ilé ẹ̀ gan-an sì ń ṣe ohun mímu nínú ẹ̀, caju náà sì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Ohun tó yẹ kí màmá máa figbe ta lé lórí ni kóró tútù. Mo rántí ìgbà témi àti ẹ̀gbọ́n mi fi pánù àlòkù tí wọ́n dá ihò sí nídìí yan kóró lẹ́yìn ilé, epo dúdú ń kán sínú iná, iná ń sọ gbàrà, èéfín ń ta wá lójú, ojúkòkòrò ò jẹ́ kí n dúró, mo fi eyín pa ọ̀kan tí ò tíì jiná. Ètè mi wú, ó dúdú, ó wá bó bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára, ògì tútù ni mo ń mu fún ọjọ́ mélòó kan. Epo inú èèpo yẹn ló ṣe é. Mọ̀lẹ́bí ni kajú àti máńgòrò, ẹ sì mọ bí oje máńgòrò ṣe ń bó ẹnu, ti kajú le jùyẹn lọ. Tó bá kan ọmọ lára, ọṣẹ àti omi ni kíá, tójú bá wú tàbí tí èémí ń há a, ilé ìwòsàn ni, ẹ má dúró.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, mo fẹ́ ra kajú yíyan onígò fún dádì mi, àmọ́ wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé wọ́n lè jẹ ẹ́? (Akẹ́kọ̀ọ́, Under G)

ÈSÌ: Wọ́n lè jẹ ẹ́, àmọ́ níwọ̀n. Gíráàmù 100 ẹ̀ ní prótíìnì tó tó gíráàmù 18 àti ọ̀rá bíi 44, èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rá yẹn ò sì bá ọkàn jà, ṣúgà inú ẹ̀ kéré. Àmọ́ ó máa ń sanni lára, torí náà ẹ̀kúnwọ́ kan lójúmọ́ ti tó, kì í ṣe ìgò kan níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Èyí tí ò níyọ̀ ni kó o rà torí ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn, kò sì ní kí wọ́n má lo oògùn wọn o. Èso tútù ńkọ́? Kí wọ́n jẹ ẹyọ kan, kí wọ́n má fún omi ẹ̀ mu, torí ife kan á ti gba bíi mẹ́rin márùn-ún. Tí kíndìnrín bá tún ń yọ wọ́n lẹ́nu, kí wọ́n kọ́kọ́ bi dókítà wọn. Tó o bá dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń tà á, ní kí wọ́n fún ẹ ní ẹyọ kan tọ́ wò, tó bá ń dà bí epo tó ti pẹ́ lẹ́nu, má rà á.