Sátidé ni Sábáàtì, àmọ́ ṣé ó di dandan fún Kristẹni?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Inú ìjọ ECWA ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ẹ̀gbẹ̀. Adventist, ìjọ tó ń sin Ọlọ́run lọ́jọ́ Sátidé, ni ìdílé tí mo fẹ́ sí ní Ìsánlú. Ìyá ọkọ mi ní òun kò ní wá síbi ìdána àbúrò mi torí pé Sátidé ni, àti pé ọjọ́ ìsinmi tí Bíbélì sọ kọ́ ni Sọ́ńdè tèmi. Èwo gan-an ni ká gbà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, òkun o. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ tí Sábáàtì bọ́ sí ni ẹ ń jà lé lórí, ìyá ọkọ rẹ ló jàre. Ọjọ́ keje ni Ẹ́kísódù 20 sọ, Sátidé sì ni ọjọ́ keje. Láti ìgbà tí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ Fúráìdé ni àwọn Júù ti ń pa á mọ́ títí dòní. Pásítọ̀ yín ní Ẹ̀gbẹ̀ náà kò ní bá a jiyàn lórí ìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú fún àwa Yorùbá ni pé orúkọ kan náà la fún ọjọ́ méjèèjì. Nínú Bíbélì tí Àjàyí Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, "ọjọ́ ìsinmi" ni wọ́n pe Sábáàtì. Ìjọ sì tún ń pe Sọ́ńdè ní Ọjọ́ Ìsinmi. Ọmọ tó bá ń ka òfin kẹrin lákàsórí (òfin kẹta ni àwọn Kátólíìkì ní Kàbà ń kà á sí, ìjà mìíràn nìyẹn), Sọ́ńdè ló máa ń rò. Ilẹ̀ Yàgbà tún ti mọ Sọ́ńdè ṣáájú: ní 1908 ni míṣọ́nnárì Tommie Titcombe ti SIM, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tó bí ECWA, dé Ẹ̀gbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé 1914 ni àwọn Adventist ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ẹrúnmu nítòsí Ìbàdàn.

Ìbéèrè tó kù ni bóyá òfin yẹn de Kristẹni tí kì í ṣe Júù. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ́kísódù 31 pè é ní àmì láàárín Ọlọ́run àtàwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Nígbà tí àwọn àpọ́sítélì pàdé ní Jerúsálẹ́mù nítorí àwọn Kèfèrí tó gba Jésù gbọ́ (Ìṣe 15), nǹkan mẹ́rin ni wọ́n kọ̀wé sí wọn láti yẹra fún, wọn ò mẹ́nu kan Sábáàtì. Pọ́ọ̀lù ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá wa lẹ́jọ́ nítorí ọjọ́ ìsinmi (Kólósè 2:16). Àwọn Adventist á dá ọ lóhùn pé Ọlọ́run ti ya ọjọ́ keje sí mímọ́ nínú Jẹ́nẹ́sísì 2 kí Júù kankan tó wà, àti pé sábáàtì inú àwọn àjọ̀dún ni Pọ́ọ̀lù ń sọ. Ọ̀rọ̀ Jẹ́nẹ́sísì yẹn wúwo o, má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Èyí tí n kò lè gbà ni ìtàn pé Constantine, ọba Róòmù, ló yí Sábáàtì padà sí Sọ́ńdè. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti péjọ ní Tíróásì láti bu àkàrà lọ́jọ́ kìíní ọ̀sẹ̀ (Ìṣe 20:7), Justin, Kristẹni òǹkọ̀wé ayé àtijọ́, náà sì ti ṣàlàyé ìpàdé ọjọ́ Sọ́ńdè ní nǹkan bí ọdún 150, torí ọjọ́ yẹn ni Jésù jíǹde. Ọdún 321 ni Constantine ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í ṣe ọjọ́ tí iṣẹ́ ń dúró, ó sì yọ àgbẹ̀ sílẹ̀, kí àkókò ọ̀gbìn má baà kọjá. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè ní Bùnú ì bá yọ̀ sí òfin yẹn gan-an! Ohun tí àwọn bàbá wa bá pàdé lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì ni má lọ oko, má lọ ọjà. Ọjà ọrọọrún, tó ń yí po ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, kò sì mọ Sọ́ńdè; láàárín ọjọ́ 28, ó gbọ́dọ̀ bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan. Àwọn Ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ní Etiópíà ní tiwọn ń pa Sátidé àti Sọ́ńdè mọ́ pọ̀; ìpàdé tí Ọba Zara Yaqob pè ní 1450 ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀.

Tí ìyá ọkọ rẹ bá rí i bí òfin Ọlọ́run, Róòmù 14 ní kó pa á mọ́ nítorí Olúwa, kí ìwọ náà má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò rọrùn fún un rárá: òkú ṣíṣe, ìgbéyàwó, ìdìbò pàápàá, Sátidé ni gbogbo rẹ̀. Ní ti ìdána, àwọn Adventist fúnra wọn sábà máa ń gbéyàwó lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Bá àwọn òbí rẹ sọ̀rọ̀ bóyá wọ́n lè sún un sí ọ̀sán Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn yín. Tí wọn ò bá gbà, kí ọkọ rẹ kó àwọn ará ilé rẹ̀ tó bá fẹ́ wá dání, kí ẹ gbé oúnjẹ tìyá wá fún wọn nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú.