Ẹ Bi Ọ̀gá Gíà Léèrè: Tòkunbọ̀ Òní, Àrímáleèlọ Ọ̀la

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tèmi. Lóṣù tó kọjá mo kọ ọ́ síbí pé ẹni tó bá ní Volkswagen Ìjàpá tó ṣì ń rìn kó má tà á, láti ìgbà yẹn lẹ́tà ò jẹ́ ká sinmi mọ́. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ mọ ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n lè fowó kékeré rà báyìí tó máa wá di kílásíìkì, ìyẹn ọkọ̀ àtijọ́ tó níyì, lọ́la. Mo mú mẹ́rin nínú ẹ̀, àti ọ̀kan tó pa mí lẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá Gíà, ẹ kú iṣẹ́ o sà. Bàbá wa fi Peugeot 504 sílẹ̀ sáyé lọ, ó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà wa l'Ókè-Àdó láti 2011. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ká gbé e fáwọn tó ń ra àlòkù irin, kílò ni wọ́n fẹ́ fi wọ̀n ọ́n. Èmi nìkan ni mò ń sọ pé rárá. Ṣé orí mi pé báyìí sà? – Àbígbẹ̀yìn, Ìbàdàn

Orí ẹ pé, àbúrò mi, ó tiẹ̀ pé ju tàwọn ẹ̀gbọ́n ẹ lọ, ṣùgbọ́n má sọ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o.

Ọdún 1968 làwọn Faransé gbé 504 jáde, ní 1969 wọ́n ti fún un lóyè Ọkọ̀ Ọdún ní Yúróòpù. Àwọn Pininfarina ti Ítálì ló ya ara ẹ̀, ìdí nìyẹn tí búùtù ẹ̀ fi tẹ̀ wálẹ̀ báun bí ìdí ẹni tó fẹ́ jókòó. 1975 ni PAN, iléeṣẹ́ Peugeot ti Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kaduna níbí, ọdún yẹn náà ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari, lórí ẹrọ̀fọ̀ àti eruku Kenya, tó fi jẹ́ pé kò sí kòtò ojú títì tiwa tó lè bà á lẹ́rù. Dírẹ́tọ̀ ló ń gbé e, dọ́kítà ló ń gbé e, ọlọ́pàá ló ń gbé e, station wagon ẹ̀ ni wọ́n sì fi ń kó èrò láti ìlú dé ìlú, ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn pátápátá á máa forúnkún gbá ara ẹ̀ lágbọ̀n títí wọ́n á fi dé Ọ̀ṣogbo. Wọ́n ṣe ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ káàkiri ayé. Ó pọ̀ débi pé a ò kà á sí, ẹni tó ní í bà á jẹ́, ẹni tó rà á lọ́wọ́ ẹ̀ parí ẹ̀, títí tó fi wá ku ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́yin tẹ́ ẹ ń ka ojú ewé yìí gbà gbọ́ nìyẹn. Kì í ṣe pé ọkọ̀ wọ́n nígbà tó jáde ló ń sọ ọ́ di kílásíìkì. Ọkọ̀ tí wọ́n fi gbé ìyàwó, tí wọ́n fi gbé ìyá ìkókó wálé, tó wà nínú fọ́tò gbogbo ilé, tó wá ṣọ̀wọ́n lójijì, òun ni. Ìgbà tí ojú gbogbo ayé bá sì sú u náà ló yẹ kéèyàn rà á, torí tí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri, owó ẹ̀ á ti kúrò lọ́wọ́ èmi pẹ̀lú ẹ.

Ó yá, iṣẹ́ ọwọ́. Jọ̀ọ́ má sítáàtì ẹ̀ o! Mo mọ̀ pé mẹkáníìkì àdúgbò á ní kó o lọ yá bátìrì wá ká gbọ́ ohùn ẹ̀. Láti 2011, ọ́ìlì ti ṣàn kúrò lára písítìnì, pẹtiróòlù inú táńkì ti di gọ́ọ̀mù. Yọ pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, jẹ́ kó sùn mọ́jú, kó o wá fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Tó bá yí, bá mi ra ẹmu. Tó bá ní òun ò yí, má fipá mú un, tún kán ọ́ìlì sí i. Lẹ́yìn ìyẹn kó o sọ táńkì kalẹ̀ kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fọ kábúrétọ̀, kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tí omi àti epo ń gbà. Ráàdíétọ̀ ni kó o fojú sí jù, torí hẹ́ẹ̀dì ẹ́ńjìnnì yẹn, alumíníọ̀mù ni, tó bá gbóná kọjá ààlà ó ń tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì á sì bá a lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kọ́ ló máa pinnu, abẹ́ ọkọ̀ ni. Ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò, fi ìka tẹ ilẹ̀ ẹ̀, wo ẹnu búùtù, wo abẹ́ wíńdísíkíríìnì níbi tí ewé máńgòrò ti ń jókòó mu omi láti ọdún yìí wá. Ibi tó dípẹtà lójú lásán kò burú, ibi tí ìka bá ti wọlé, owó ńlá nìyẹn, irin tuntun ni kí wọ́n jó mọ́ ọn, tí páńẹ́lì bítà bá ti ń po pọ́tì láti fi dí i, gba ọkọ̀ ẹ kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n á tún wá bá ẹ pé kó o jẹ́ káwọn gbé ẹ́ńjìnnì Toyota sí i. Òótọ́ ni pé á rìn dáadáa, òótọ́ ni pé pátì ẹ̀ kún ọjà Ládípọ̀ bí ẹja inú odò, àmọ́ ọjọ́ tó o bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti di ọkọ̀ lásán tó wọ aṣọ 504. Ẹni tó máa sanwó gidi lọ́la, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ló máa kọ́kọ́ wò bóyá ó bá pátíkúlà mu.

Mo fẹ́ gbàgbé. Orúkọ bàbá ló ṣì wà nínú ìwé ọkọ̀, àbí? Ẹ lọ gba letter of administration, ìwé àṣẹ lórí ogún, ní ilé ẹjọ́ gíga, kí gbogbo ẹ̀yin ọmọ sì jọ fọwọ́ sí i pé ìwọ lẹ gbé e fún, kó o tó ná kọ́bọ̀ kan lórí ẹ̀. Torí àwọn ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ fi kílò wọ̀n ọ́n yìí, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ tó bá ń dán gbinrin lójú títì, wọ́n á rántí pé ọkọ̀ bàbá àwọn ni.

Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ ni. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: Camry Big Daddy 2004, Accord End of Discussion 2005, àbí Mercedes V-Boot tí bàbá kan fẹ́ tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa? Mo fẹ́ èyí tó máa gbé mi lọ síbi iṣẹ́ tó sì tún máa níyì lọ́jọ́ iwájú. – Akọ̀wé Tuntun, Abẹ́òkúta

Ìbéèrè méjì lo so pọ̀ yẹn o. Tó bá jẹ́ ká débi iṣẹ́ láago mẹ́jọ ni, Big Daddy, kò sí àríyànjiyàn.

Ti iyì yẹn ni mo fẹ́ sọ. Ṣó o ti kíyè sí i pé orúkọ tí wọ́n kọ sídìí àwọn mọ́tò yìí kọ́ la ń pè wọ́n? Ará ìlú ló jókòó tó sọ wọ́n lórúkọ, Orobo, Big Daddy, Muscle, End of Discussion. Ohun tí Yorùbá ò bá kà sí, wọn kì í fún un lórúkọ ìnagijẹ, ọkọ̀ tó bá ti ní oríkì ti wọ ilé nìyẹn. Nítorí náà mo gbà pé gbogbo wọn ló ṣì máa níyì, ṣùgbọ́n ti Camry àti Accord ṣì jìnnà, wọ́n ṣì pọ̀ nílẹ̀ jù. Tó o bá máa ra End of Discussion, gba oní-pílọ́ọ̀gì mẹ́rin 2.4, jìnnà sí V6, oní-pílọ́ọ̀gì mẹ́fà, ti 2003 àti 2004, gíà ẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀ débi pé Honda fúnra wọn pè wọ́n padà.

V-Boot ló ti ń dé ibẹ̀ báyìí. Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ táwọn bàbá wa fi ń yangàn, bọ̀gìnnì gidi, W124 làwọn Jámánì ń pè é, láti 1984 títí di àárín 1990s ni wọ́n fi ṣe é. Lọ wo èyí tí bàbá yẹn fẹ́ tà. Tó bá jẹ́ first body, táwọ̀ ẹ̀ ò tíì kúrò lára ẹ̀ láti ilé, tí ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣì ń pa dé bí ilẹ̀kùn báńkì, bẹ bàbá. Àmọ́ béèrè ọdún ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe láti bíi 1993 lọ, wáyà inú ẹ́ńjìnnì wọn ní àìsàn kan, ike tó bò ó máa ń ṣẹ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ bíi kúlíkúlí, wáyà á wá máa gbá wáyà, ọkọ̀ á máa ṣe bí ẹni tí wọ́n ń pè látilé, rewáyà á sì máa jẹ owó ẹ láì rídìí ẹ̀. Kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo wáyà yẹn ló lè tán an.

Má sì rà á bíi ọkọ̀ kan ṣoṣo tó o ní o. Big Daddy lọ síbi iṣẹ́, V-Boot lọ sóde Sátidé. Mo ta tèmi ní 2009, ìyàwó mi ló ní kí n tà á, àwa méjèèjì ò tíì parí ìjà yẹn.

Ẹ káàárọ̀ o, bùrọ̀dá. Ọmọ mi ọkùnrin kó £3,000 jọ, ó ní Mazda MX-5 lòun máa rà, èyí tí iná ẹ̀ máa ń là bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Mo ní kó ra Yaris. Ó ní èrè ń bọ̀ lórí ẹ̀. Ẹ bá mi bá a wí. – Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú sí mi, ọmọ yín jàre lápá kan. Láti 1989 tí Mazda ti gbé e jáde, wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù kan lọ, kò sì sí ọkọ̀ eré oníjókòó méjì mìíràn tó tà tó o. Èyí tí iná ẹ̀ ń là yẹn dópin ní 1997, òun làwọn èèyàn ń wá.

Ibi tí kò rò dé ni ULEZ, agbègbè London tí ọkọ̀ eléèéfín ti ń sanwó. Peckham wà nínú ẹ̀ gbọingbọin, ọkọ̀ oní-pẹtiróòlù tí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú 2006, ọ̀pọ̀ wọn ni kì í yege, £12.50 lójúmọ́ tó bá ti gbé e jáde. Ọkọ̀ tó bá pé 40 ọdún kì í san án, kì í sì í san owó road tax, ṣùgbọ́n àwọn MX-5 tó kọ́kọ́ dé Bìrìtìkó ní 1990, ó di 2030 kí wọ́n tó pé 40. Kó yáa ra Mk3, ìran kẹta ẹ̀, èyí tó jáde ní 2005, ìyẹn ń yege, owó yẹn sì lè rà á. Kó fi nọ́ńbà ọkọ̀ wo ìtàn MOT ẹ̀, àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń ṣe fún ọkọ̀, lórí gov.uk, ọ̀fẹ́ ni, tó bá ti rí "corrosion", ìyẹn ìdípẹtà, léraléra kó sá. Kó fọwọ́ kan irin abẹ́ ilẹ̀kùn níwájú táyà ẹ̀yìn, ibẹ̀ ló ti ń jẹrà.

Ti èrè, kó gbàgbé ẹ̀. Ìnṣọ́ránsì ọmọ kékeré ní London nìkan á jẹ èrè náà tán. Ẹ sì bá mi bi í pé ìjókòó méjì ló wà nínú ẹ̀, ta ló fẹ́ máa gbé ìyá ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?

Ọ̀gá mi, Lexus LS 400 ti 1998 ni mo rí níbí, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ọkọ̀ bàbá arúgbó ni. Báwo lẹ ṣe rí i? – Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston

Rà á. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ò mọ nǹkan tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ti wa èyí tí wọ́n ṣe ní 1996 kan ní Amẹ́ríkà níbẹ̀ ju mílíọ̀nù máìlì kan lọ. Béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ timing belt gbẹ̀yìn, torí láti 1998 tó bá já, ó ti ba fáàfù jẹ́ nìyẹn. Wò ó bóyá ọ́ìlì páwà sítíárìn ń kán sórí àtánétọ̀. Sítátà ẹ̀ ńkọ́, àárín ikùn ẹ́ńjìnnì ni wọ́n rì í sí, gbogbo òkè ni wọ́n máa tú kí wọ́n tó débẹ̀, nítorí náà tó bá ń kọ̀ nígbà tó o bá sítáàtì, yọ owó ẹ̀ kúrò nínú iye tó o fẹ́ san. Ó ti pé 25 ọdún, Texas lè fún ẹ ní nọ́ńbà antique, ti ọkọ̀ àtijọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe fún ìlọ-sí-iṣẹ́ ojoojúmọ́ o, òde àti ìpàdé àwọn olólùfẹ́ mọ́tò ni.

Ọ̀gá Gíà, wọ́n ní òyìnbó ń fi owó gọbọi ra Volkswagen tí àwa fi ń ṣe danfo láyé ọjọ́un. Ṣé kí n lọ máa kó wọn jọ? – Aláròjinlẹ̀, Òjó, Èkó

Òótọ́ ni, wọ́n ń sùn nínú ẹ̀ létí òkun. Brazil ló ṣe é pẹ́ jù, títí di òpin 2013. Ìwọ tó o ń gbé ní Òjó níbi tí iléeṣẹ́ Volkswagen wà tẹ́lẹ̀, o ò bá ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn tiwa, wọ́n ti gé e, wọ́n ti jó bẹ́ǹṣì onírin mọ́ inú ẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ti di ohun tí kọ̀ndọ́ ń fọwọ́ dì mú. Tó o bá wá rí èyí tí wọn ò tíì gé, fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kó o tó fi han ẹnikẹ́ni, tí wọ́n bá sì kọ "Ìyá ni wúrà" sí i lẹ́yìn, má pa á rẹ́.