Ẹ Bi Bàbá Tíṣà: Ọba tí ayé ń bẹ̀rù, tí kò rí owó iyọ̀ gbà

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ka ìwé ìtàn rẹ̀ sí mi létí pé Louis kẹrìnlá, ọba ilẹ̀ Faransé, ní "Èmi ni ìjọba." Kò sí fóònù, kò sí mọ́tò nígbà yẹn. Báwo lẹnì kan ṣoṣo ṣe ń darí èèyàn bíi mílíọ̀nù 20? (Ìyá Tóbi, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ìyá Tóbi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: ọ̀rọ̀ yẹn gan-an lèmi náà ń kọ sára pátákó lọ́dọọdún kí n tó fẹ̀yìn tì. Kò sí ẹ̀rí pé Louis sọ ọ́ rí. Èyí tó dájú ni pé nígbà tí Kádínà Mazarin, olórí mínísítà rẹ̀, kú ní oṣù kẹta ọdún 1661, ọba, ọmọ ọdún 22, pe àwọn mínísítà jọ, ó ní òun ò ní yan olórí mínísítà mọ́; wọn ò sì gbọdọ̀ lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé kankan láìjẹ́ pé òun pàṣẹ. Àpérò àwọn aṣojú ilẹ̀ náà ti jókòó gbẹ̀yìn ní 1614. Kò tún jókòó mọ́ títí di 1789.

Ṣùgbọ́n ta ló ń bá a ṣiṣẹ́? Owó ni ọ̀pọ̀ adájọ́ àti òṣìṣẹ́ owó-orí fi ra ipò wọn. Láti 1604, ẹni tó bá ń san ìdá kan nínú 60 iye ipò rẹ̀ lọ́dọọdún lè fi í jogún fún ọmọ bí ẹni jogún ilé. Kí ọba tó lé irú wọn, àfi kó dá owó wọn padà, ogun sì ti jẹ owó ọ̀hún. Ìdí nìyẹn tó fi ń rán àwọn tí wọ́n ń pè ní intendant sí ìgbèríko. Àwọn yìí ò ra ipò. Ọba ló yàn wọ́n, ó sì lè yọ wọ́n nígbàkigbà.

Ọ̀ràn iyọ̀ ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ní agbègbè Páríìsì àti ọ̀pọ̀ ibi ní àríwá, òfin ní dandan ni kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan ra ìwọ̀n iyọ̀ kan ní ilé ìtajà ọba, ó sì wọ́n bí ojú nítorí owó-orí ọba tó wà lórí rẹ̀. Àwọn ará Brittany, ìgbèríko kan ní ìwọ̀-oòrùn Faransé, kì í san owó-orí iyọ̀ yìí ní tiwọn, torí ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní kó má bọ́ lọ́wọ́ àwọn nígbà tí wọ́n dara pọ̀ mọ́ Faransé ní 1532. Kí lẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀ ní ààlà? Fàyàwọ́ ni! Ẹni tọ́wọ́ bá tẹ̀ lè bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ogun ọba, tó ń fi àjẹ̀ wà á pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ní 1675, owó-orí tuntun lórí bébà olóǹtẹ̀ àti tábà dé Brittany, àhesọ sì ń jà ràìn pé ti iyọ̀ ń bọ̀. Àwọn àgbẹ̀ dìde. Sójà ọba fojú wọn rí màbo, síbẹ̀ owó iyọ̀ ò dé ibẹ̀.

Àwọn ọlọ́lá ńkọ́? Wọn kì í san owó-orí tí wọ́n ń pè ní taille, èyí tó wà lọ́rùn mẹ̀kúnnù. Louis ò gbàgbé wọn. Ọmọ ọdún 10 ni nígbà tí wọ́n gbé e sá kúrò ní Páríìsì lóru, ní oṣù kìíní 1649, nítorí ọ̀tẹ̀ tí àwọn ọlọ́lá kan wà nínú rẹ̀. Ní 1682, ó kó ààfin lọ sí Versailles, nítòsí Páríìsì. Bí ọlọ́lá ò bá fojú hàn níbẹ̀, tí ẹlòmíì wá tọrọ nǹkan fún un lọ́wọ́ ọba, ọba á ní òun kì í rí onítọ̀hún. Lálaalẹ́, bí ọba bá fẹ́ bọ́ṣọ sùn, á dárúkọ ọlọ́lá kan pé kó wá bá òun mú àbẹ́là dání. Àwọn tí bàbá wọn gbé idà sí i máa ń fẹ́ kó jẹ́ orúkọ tiwọn ló pè.