Mo bímọ láti oṣù 5 sẹ́yìn, kí ló dé tí nǹkan oṣù mi ò tíì padà?

Ẹ kú ọwọ́ lómi o, ìyá ọmọ. Tó bá jẹ́ ọmú lẹ ń fún ọmọ, ẹ má fòyà, ọ̀dọ̀ ọpọlọ lọ̀rọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Apá kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní hypothalamus, bíi wákàtí kan sí méjì síra ló máa ń tú GnRH díẹ̀, ìyẹn họ́mọ̀nù kan (ohun tí ara fi ń ránṣẹ́), sí pituitary, kókó kékeré abẹ́ ọpọlọ tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, pituitary náà á wá rán họ́mọ̀nù méjì, FSH àti LH, sínú ẹ̀jẹ̀, FSH ń mú ẹyin dàgbà, LH ló ń jẹ́ kó jáde.

Gbogbo ìgbà tọ́mọ bá fa orí ọmú, ọpọlọ á gbọ́, prolactin, họ́mọ̀nù tó ń mú omi ọmú wá, á gòkè, GnRH á rẹlẹ̀, ẹyin ò ní jáde, nǹkan oṣù náà ò sì ní wá. Àbúrò mi ní Kétu tó ń fọ́mọ lọ́mú tọ̀sán tòru, kódà nídìí ata tó ń tà lọ́jà, oṣù 9 ni tiẹ̀ fi dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹyin lè jáde kí nǹkan oṣù àkọ́kọ́ tó dé, oyún á kàn wọlé ni! Tọ́mọ bá ti pé oṣù 6, tàbí tó ti ń mu ẹ̀kọ, ẹ tètè lọ bá agbẹ̀bí sọ̀rọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí.