Ìjàpá tó wà ní Epe ni kí ẹ fi ṣe é

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Tíṣà ni mí ní Ìgbógbó, Ìkòròdú. Ọjọ́ Sátidé àti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ nìkan lọwọ́ mi máa ń dilẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi láti fọwọ́ ara mi kan mọ́tò spọ́ọ̀tì oníjókòó méjì, èyí tí kò ní òrùlé. Mo ti rí Corolla 2003 kan tí wọ́n gbá lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì àti gíà rẹ̀ ṣì dáa. Wẹ́dà àdúgbò wa ní òun á jó ṣáásì rẹ̀ fún mi lọ́sẹ̀ méjì. Bàbá mi náà ní Ìjàpá kan, Volkswagen Beetle, tó ti jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ní Epe láti bí ọdún mẹ́wàá, àmọ́ ìyẹn ò lè sáré. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé VIO ò ní gbà á mọ́ mi lọ́wọ́?

ÌDÁHÙN: Tíṣà, ẹ kú ìmúra. Ohun tí ẹ kàn mẹ́nu bà kọjá lọ yẹn, Ìjàpá bàbá yín, òun gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fi ṣe é. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ Corolla, torí mo mọ̀ pé ọkàn yín ti lọ síbẹ̀.

Ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ́ńjìnnì Corolla ń yí. Ó dábùú, gíàbọ́ọ̀sì rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ kó máa ti mọ́tò láti ẹ̀yìn, odindi rẹ̀ lẹ máa gbé sẹ́yìn ìjókòó, tòun tẹsẹ̀ méjèèjì. Kì í ṣe ohun tí ò ṣeé ṣe. Toyota fúnra wọn gbé ẹ́ńjìnnì tó dábùú sẹ́yìn ìjókòó nínú MR2 ní 1984. Ṣùgbọ́n ẹ wo wàhálà tó máa bá a wọlé. Ẹsẹ̀ tó ti ń gbé níwájú mọ bí wọ́n ṣe ń yí sọ́tùn-ún sósì. Tí ẹ ò bá de tie rod rẹ̀, irin tó ń yí ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, mọ́ ṣáásì gírígírí, ìdí mọ́tò á máa lọ síbi tó wù ú. Bíréèkì iwájú Corolla ò ní hándibíréèkì nínú, nítorí náà ẹ máa wá òmíràn fún ẹ̀yìn. Bíréèkì iwájú yìí kan náà sì lágbára ju ti ẹ̀yìn lọ, torí pé tí a bá tẹ bíréèkì, iwájú ni gbogbo ẹrù ń rọ́ lọ. Tí èyí tó lágbára bá wá bọ́ sẹ́yìn láìjẹ́ pé a tún un wọ̀n, taya ẹ̀yìn á kọ́kọ́ há, mọ́tò á sì yí po. Mọ́tò tí èmi náà fi kọ́gbọ́n yí po mọ́ mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Ìjẹdè láàárọ̀ ọjọ́ Sunday kan. Ọpẹ́lọpẹ́ pé títì dá. Èmi ni mo ṣe é, kò sẹ́ni tí mo lè dá lẹ́bi.

Ní ti wẹ́dà, ọ̀sẹ̀ méjì tó dá fún yín ò bà mí lẹ́rù tó irin tó fẹ́ jó. Àwọn tó ń fọwọ́ kan irú ṣáásì bẹ́ẹ̀ nílùú òyìnbó máa ń lo páìpù onígun mẹ́rin tó fẹ̀ tó ìnṣì kan, tí kò nípọn ju mílímítà 1.6 lọ. Ẹni tí jíjó géètì ti mọ́ lọ́wọ́ á jó irú rẹ̀ lu, á wá fi ẹlẹ́tíróòdù dí ihò, á fi gíráńdà rẹ́ ẹ, ojú á sì dán gbinrin. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ ní kó jó páìpù méjì pọ̀ níṣojú yín, ẹ de ọ̀kan mọ́ fáìsì, kí ẹ fi òòlù lu èkejì títí yóò fi tẹ̀. Tó bá já lójú ibi tó jó, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ó wá ku Ìjàpá. Bọ́dì mọ́tò òde òní àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jó di ọ̀kan. Ti Ìjàpá kò rí bẹ́ẹ̀, bóòtù ni wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀ yíká. Ẹ tú bóòtù, ẹ tú wáyà àti sítiárìn, kí ọkùnrin mẹ́rin bá yín gbé bọ́dì kúrò, ẹ ó rí i pé ohun tó kù nílẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mọ́tò tán: ẹsẹ̀ mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì, gíà, bíréèkì, gbogbo rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ti wọ̀n fún yín. Kò sí radiétọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Ohun tí Bruce Meyers ará California rí lára rẹ̀ nìyí láàárín ọdún 1960 sí 1969, tó fi ń gbé bọ́dì fáíbà lé ilẹ̀ Ìjàpá. Òun máa ń gé nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 36 kúrò láàárín ilẹ̀ náà kó lè kúrú. Ẹ̀yin ẹ má gé e o. Láti ẹsẹ̀ iwájú dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 240, ẹ ya bọ́dì tó máa bá a mu.

Ẹ ní kò lè sáré. Ẹ́ńjìnnì 1300 rẹ̀ ní agbára ẹṣin 44, òótọ́ ni pé kò pọ̀. Àmọ́ mọ́tò spọ́ọ̀tì Lotus Seven tí Colin Chapman gbé jáde ní 1957, tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ń rà ní wẹ́lẹ́wẹ̀lẹ̀ láti lọ tò nílé (wọ́n fi ń sá fún owó orí ni, ẹ má dá wọn lóhùn), agbára ẹṣin 40 ni ẹ́ńjìnnì tó kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n ara ló gbè é: nǹkan bí 500 kílò péré. Ìjàpá pẹ̀lú bọ́dì irin rẹ̀ tó nǹkan bí 800. Tí irin yẹn bá ti kúrò, ẹ ó bá a láyọ̀.

Kí ẹ mọ̀ pé bọ́dì tí ẹ yọ yẹn ló ń mú kí ilẹ̀ mọ́tò le. Fáíbà nìkan ò lè ṣe é, ilẹ̀ á máa tẹ̀ bí ẹní. Ẹ fi páìpù onígun mẹ́rin tó nípọn ṣe férémù yí etí rẹ̀ ká, kí bóòtù rẹ̀ gba ojú ihò tí bọ́dì ń lò tẹ́lẹ̀. Orí férémù yìí ni bẹ́líìtì ìjókòó àti irin kọdọrọ tó ga ju orí yín lọ (òun ló ń gba orí là bí mọ́tò bá dojú dé) máa dúró lé. Ẹ má de ọ̀kankan nínú wọn mọ́ fáíbà láé. Kí ẹ tó jó ohunkóhun mọ́ ọn, ẹ tú orí bátìrì, ẹ sì gbé táńkì epo jìnnà.

Iṣẹ́ fáíbà ò jìnnà sí yín. Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi fáíbà ṣe ló ń ná Èbúté, ẹ lọ bá àwọn tó ń lẹ̀ ẹ́ létí omi, kí ẹ bá wọn ṣiṣẹ́ ní Sátidé méjì kí ẹ tó na ọwọ́ sí tiyín. Ohun kan tí mi ò ní fi ṣeré níbẹ̀: cobalt àti catalyst, kẹ́míkà méjì tó ń mú kí resin (oje tí wọ́n fi ń lẹ fáíbà) gan, ò gbọdọ̀ pàdé ara wọn láìsí resin láàárín wọn, torí wọ́n lè bú gbàmù. Cobalt ni kó kọ́kọ́ wọ resin, kí ẹ rò ó pọ̀ dáadáa, kí catalyst tó tẹ̀lé e. Kílò resin kan ń gba gíráàmù 10 sí 20 catalyst. Nínú oòrùn tiwa, 10 ti tó, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á gan mọ́ búrọ́ọ̀ṣì yín.

Bíréèkì: ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà àti họ́ọ̀sì rẹ̀, bó ti wù kó rí lójú. Mo ti rí àwọn tó fi páìpù kọ́pà fíríìjì rọ́pò páìpù bíréèkì. Ẹ má ṣe é.

Ká ní Sátidé àti ìrọ̀lẹ́ méjì tí ẹ ní jẹ́ wákàtí mẹ́jọ lọ́sẹ̀, nǹkan bí 400 nìyẹn lọ́dún. Ẹ fi ọdún méjì sí i, kí ẹ sì fi rẹ́dì ọ́sáìdì kun irin kó tó di pé òjò dé.

VIO ńkọ́? Nọ́ńbà ṣáásì Ìjàpá wà lára irin ọ̀pọ́n tó gba àárín ilẹ̀ mọ́tò kọjá, lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, kò sí lára bọ́dì tí ẹ fẹ́ yọ. Ìwé mọ́tò bàbá yín ṣì bá a mu nìyẹn, bí ẹ bá rí ìwé náà. Ṣáásì tí wẹ́dà bá jó kò ní nọ́ńbà kankan. Síbẹ̀, ẹ mú ìwé àti fọ́tò lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ìwé mọ́tò kí ẹ tó tú bóòtù kan, kí wọ́n sọ fún yín ohun tí wọ́n fẹ́ rí. Iná, tíráfíkétọ̀, họ́ọ̀nù, wáípà, bẹ́líìtì àti bíréèkì ni kí ẹ má retí àforíjì lórí wọn.

Nítorí náà Sátidé tó ń bọ̀, Epe ni kí ẹ lọ. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti sukurudíráfà dání. Ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn, ẹ wo nọ́ńbà yẹn bóyá ó ṣì hàn. Lẹ́yìn náà ẹ wo apá ọ̀tún, ibi tí bátìrì ń jókòó sí, ásíìdì máa ń jẹ irin ibẹ̀. Ẹ fi sukurudíráfà gún un. Tó bá wọlé bí ẹni gún àkàrà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.