Nǹkan Kan Kò Ṣe Mí, Ṣé Kí N Ṣe Àyẹ̀wò Jẹjẹrẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ló pa àbúrò ìyá mi. Ẹni ọdún 38 ni mí, nǹkan kan kò ṣe mí. Wọ́n ní kí n wá ṣe àyẹ̀wò, ọkọ mi sì ní kí n má fọwọ́ ara mi fa àìsàn. Wọ́n tún fẹ́ gún ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 11, ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Àwọn kan ní kò ní jẹ́ kó bímọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, mo bá ọ kẹ́dùn. Jọ̀wọ́, lọ ṣe àyẹ̀wò náà. Ìgbà tí nǹkan kan kò ṣe ọ́ yìí gan-an ló wà fún.

Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní HPV ló wà nídìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Harald zur Hausen, ará Jámánì, ló tú àṣírí rẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2008. Kí fáírọ́ọ̀sì yìí tó di jẹjẹrẹ, ó sábà máa ń gba ọdún 15 sí 20, àyàfi lára ẹni tí agbára tí ara rẹ̀ fi ń bá àìsàn jà ti dínkù. Ní gbogbo àsìkò yẹn kò ní dùn ọ́ rárá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń dà lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, dókítà ni kí o sáré lọ rí.

Wàá dùbúlẹ̀, wàá ká orúnkún sókè, wọn á rọra ṣí ojú ara. Bí HPV ni wọ́n ń wá, búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni wọ́n á fi gba omi ara díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti fínígà, wọ́n á fi òwú tó rin fínígà pa ẹnu ilé ọmọ, wọ́n á sì dúró fún ìṣẹ́jú kan. Mo ti wò ó lọ́pọ̀ ìgbà: ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń yí padà á funfun báláú lójú ẹni. Bó bá ṣeé ṣe, wọ́n lè fi irin gbígbóná kékeré jó ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, ní 100°C, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 20 sí 30. Inú rírun bíi ti nǹkan oṣù ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń sọ.

Ní ti ọkọ rẹ, bí wọ́n bá rí HPV, kì í ṣe ẹ̀rí àgbèrè. Ìbálòpọ̀ ló ń gbà ràn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ ẹni tó ti ní ìbálòpọ̀ ló ti kó o rí. Ara ọ̀pọ̀ ń lé e lọ láàárín ọdún méjì. Lára ẹlòmíràn, ó lè sá pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó hàn. Mo ti rí ilé tó dàrú nítorí ìwé èsì yìí, ó sì dùn mí dénú, torí ìwé náà kò sọ ohun tí wọ́n kà sínú rẹ̀. Mú ọkọ rẹ dání, kó gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà.

Jẹ́ kí wọ́n gún ọmọ rẹ. Abẹ́rẹ́ náà kì í dí ọmọ bíbí lọ́wọ́. Jẹjẹrẹ yìí ló ń gba ilé ọmọ lọ́wọ́ obìnrin. Ọdún 9 sí 14 ló dára jù, torí kò lè lé fáírọ́ọ̀sì tó ti wọlé. Ní England, ìwádìí kan tó jáde ní 2021 fi hàn pé jẹjẹrẹ yìí dínkù ní ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tí wọ́n fún láǹfààní láti gbà á ní ọmọ ọdún 12 sí 13. Síbẹ̀, bí ọmọ rẹ bá dàgbà, yóò ṣe àyẹ̀wò.

Bó bá tilẹ̀ ti di jẹjẹrẹ, iṣẹ́ abẹ wà, ìtànṣán pẹ̀lú oògùn cisplatin wà, oògùn pembrolizumab tó ń ran àwọn ọmọ ogun ara lọ́wọ́ sì ti dé fún àwọn kan.

Ohun kan ṣì kù: àwọn kan ń ṣe àyẹ̀wò, wọn kì í padà lọ gba èsì. Kí o tó kúrò níbẹ̀, béèrè ọjọ́ tí yóò jáde.